Ta Ní Ń Ṣọ́ Ìlú? Ètò Ààbò Èkó lẹ́yìn Ìkọlù Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, 1851–1863

Àṣàmọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ètò ààbò ìlú Èkó láti 1851, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, títí di 1863, nígbà tí ìjọba amúnisìn dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Hausa sílẹ̀. Ìbéèrè tí ó fẹ́ dáhùn ni pé: kí ni ó fà á tí ìlú tí wọ́n ní àwọn wá gbà sílẹ̀ fi di ìlú tí wọ́n gbà pátápátá láàárín ọdún mẹ́wàá? Iṣẹ́ náà fi hàn pé ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a wò bí ogun àjèjì bá ti rọlẹ̀: ẹni tí ohun ìjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí owó ìlú ń wọ àpò rẹ̀, àti ibi tí a fi ẹni tí ó pàdánù sí. Ní Èkó, ìdáhùn tí wọ́n fún ìbéèrè kẹta ní 1854 mú àlàáfíà wá. Ìdáhùn tí wọ́n fún méjì yòókù sọ ọba di aláìlágbára, àìlágbára náà ni wọ́n sì wá fi ṣe àwíjàre nígbà tí wọ́n gba ìlú ní 1861.

1. Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ti sọ ìtàn bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi àgbá lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851. Ohun tí àwọn òpìtàn sábà máa ń jiyàn lé lórí ni ìdí tí wọ́n fi wá. Ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ pé nítorí òwò ẹrú ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí wà lára àwọn tí ó fi hàn pé ọwọ́ òwò àti ìjà oyè wúwo nínú ọ̀rọ̀ náà ju bí ìwé ìjọba ṣe fẹ́ kí a gbà lọ. Àríyànjiyàn yìí ní láárí, ṣùgbọ́n ó ti mú kí a fojú fo ìbéèrè mìíràn tí kò kéré sí i: lẹ́yìn tí èéfín àgbá ti tú ká, báwo ni wọ́n ṣe ṣètò pé kí ìlú náà fi ẹsẹ̀ múlẹ̀?

Ìbéèrè yìí kan ìmọ̀ nípa ètò ààbò ìlú lónìí. Láti Iraq dé Sierra Leone ni a ti rí i pé lílé olórí kan kúrò lè gba ọjọ́ méjì péré, kí ìfìdímúlẹ̀ ìlú sì gba ọdún mẹ́wàá tàbí kí ó má tilẹ̀ ṣeé ṣe. Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà ààbò, a ó rí bò nínú rẹ̀. Ohun tí a fi bo ara ni, bí ìgbà tí a da aṣọ bo ọmọ. Ẹni tí ó da aṣọ boni sì ni ó lè ká a kúrò nígbà tí ó bá wù ú. Nítorí náà, kò tó kí a bèèrè bóyá ìlú ní ààbò; ó yẹ kí a bèèrè aṣọ ta ni ó fi bora.

2. Ìjà Oyè Kí Ọkọ̀ Ogun Tó Dé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri Èkó ti lanu kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Akítóyè àti Òṣìnlókùn jẹ́ ọmọ Ọba Ọlọ́gun Kútẹ́rẹ́; Kòsọ́kọ́ sì jẹ́ ọmọ Òṣìnlókùn. Akítóyè wá jẹ́ àbúrò bàbá fún Kòsọ́kọ́. Nígbà tí Ọba Olúwọlé kú ní 1841, Akítóyè ni àwọn afọbajẹ mú. Kòsọ́kọ́ ti wà ní ìgbèkùn nígbà náà nítorí ìjà tí ó wà láàárín òun àti Ẹlẹ́tù Òdìbò, olórí àwọn ìjòyè Àkárìgbèrè.

Akítóyè pinnu láti parí ìjà náà. Ó ránṣẹ́ pe Kòsọ́kọ́ wálé, ó sì fi í jẹ oyè Ọlọ́jà Ẹ̀rẹ̀kọ̀. Ẹlẹ́tù Òdìbò kọ̀ fún un, ó sì bínú kúrò ní ìlú lọ sí Àgbádárìgì. Ohun tí Ẹlẹ́tù ń bẹ̀rù ṣẹ ní 1845: ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú, Kòsọ́kọ́ ṣẹ́gun, Ẹlẹ́tù pàdánù ẹ̀mí rẹ̀, Akítóyè sì sá gba Abẹ́òkúta lọ sí Àgbádárìgì.

Àgbádárìgì yìí ni ìjà ẹbí ti pàdé ọ̀rọ̀ àgbáyé. Àwọn ajíhìnrere ìjọ CMS, tí Samuel Ajayi Crowther àti Henry Townsend wà lára wọn, ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1845. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá pàápàá fẹ́ ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà dé etí òkun láìsí ìdíwọ́, nítorí Ọba Gẹ̀zò ti Dàhòmì ń halẹ̀ mọ́ wọn. Ó sì kọlu Abẹ́òkúta ní 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lé e padà. Akítóyè ṣèlérí pé bí wọ́n bá dá òun padà sórí oyè, òun yóò fi òpin sí òwò ẹrú ní Èkó. Ó yẹ kí a rántí pé òwò náà kò ṣàjèjì sí ẹgbẹ́ Akítóyè fúnra rẹ̀. Ìlérí yìí ni ó fi ra ìrànlọ́wọ́. Olúkúlùkù àwọn tí ó yí i ká ni ó ní ohun tirẹ̀ tí ó ń wá, Èkó sì ni ọ̀nà tí gbogbo wọn fẹ́ gbà.

3. Ìkọlù 1851 àti Àdéhùn 1852

John Beecroft ni kọ́ńsúlù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn sí agbègbè òkun Benin àti Biafra láti 1849. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851 ó lọ bá Kòsọ́kọ́, ó sì ní kí ó fọwọ́ sí ìwé pé òwò ẹrú ti parí. Kòsọ́kọ́ kò gbà. Ní 25 oṣù náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun wọ ọ̀sà. Àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ lé wọn padà. Wọ́n tún padà wá ní 26 oṣù Kejìlá pẹ̀lú agbára tí ó ju ti ìṣáájú lọ. Ọkọ̀ ogun HMS Bloodhound àti HMS Teazer wà lára èyí tí ó wọ ọ̀sà. Ìjà náà le, apá ibi púpọ̀ nínú ìlú sì jóná. Nígbà tí ó di 28 oṣù Kejìlá, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti gba orí omi lọ. Àwọn ará Èkó sọ ogun náà ní Ogun Ahóyaya, nítorí bí gbogbo nǹkan ṣe hó bí omi lórí iná; wọ́n sì tún ń pè é ní Ogun Àgídìngbì, nítorí ìró àgbá.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852, Akítóyè fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn aṣojú Ọbabìnrin Victoria. Àdéhùn náà fi òfin de kíkó ẹrú ránṣẹ́ sí òkèèrè àti fífi ènìyàn rúbọ. Ó ṣí ọ̀nà òwò sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ó sì fi ààbò fún àwọn ajíhìnrere. Ó tún gbà pé bí òwò ẹrú bá tún bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì lè fi agbára dá a dúró.

Bí a bá ka àdéhùn yìí gẹ́gẹ́ bí ètò ààbò, ohun kan yóò hàn kedere. Ó ka ohun tí ọba kò gbọdọ̀ ṣe àti ohun tí Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe sí i bí ó bá ṣe é. Kò ṣètò bí ọba yóò ṣe dáàbò bo ara rẹ̀, tàbí ibi tí yóò ti rí owó tí yóò rọ́pò èyí tí òwò ẹrú ń mú wọlé. Yorùbá ní àgbàtán là ń gbọ̀lẹ. Bí a bá dáṣọ fún ọ̀lẹ, à á pa á láró. Wọ́n dá aṣọ fún Akítóyè. Wọn kò pa á láró.

4. Ohun Ìjà: Ìlú Tí Kò Ní Ọmọ Ogun

Kí 1851 tó dé, kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ìlú ń sanwó oṣù fún ní Èkó. Ìjòyè kọ̀ọ̀kan ni ó ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀: àwọn ìbátan rẹ̀, àwọn ẹrú rẹ̀, àti àwọn tí ó sá dì í. Òun ni ó ń bọ́ wọn, òun ni ó ń wá ìbọn àti ọkọ̀ fún wọn. Àwọn ìjòyè Àbàgbọ́n ni ọ̀rọ̀ ogun kàn jù lọ, ṣùgbọ́n agbára ọba wà nínú bí ó ṣe lè kó gbogbo àwọn ìjòyè mọ́ra kí wọ́n lè dá ọmọ ogun jọ nígbà ìṣòro.

Nígbà tí Kòsọ́kọ́ jáde, apá tí ó lágbára jù nínú ètò yìí bá a jáde. Ọ̀ṣọ́dì Tápà, balógun rẹ̀ tí ó mọ ogun orí omi dáadáa, tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olórí ogun mìíràn àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn. Awùjalẹ̀ ti Ìjẹ̀bú gbà wọ́n láyè ní Ẹ̀pẹ́. Akítóyè wá padà sí ìlú tí ó ti jóná, tí àwọn jagunjagun rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀sà, tí àgbá rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó dúró sí etí òkun ni ó kù tí ó lè gbójú lé.

Ọdún 1853 fi hàn bí ìgbójúlé náà ti rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, àwọn ìjòyè kan nínú Èkó gan-an dìde sí Akítóyè. Ní 11 oṣù náà, Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀ gba orí ọ̀sà wá pẹ̀lú ọmọ ogun láti Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Akítóyè wàjà, ní 2 oṣù Kẹsàn-án. Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ gorí oyè kíákíá, Kọ́ńsúlù Benjamin Campbell, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Èkó ní oṣù Keje, sì kó ipa pàtàkì nínú ìyára náà.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kọ́ ìlú. Èkíní ni pé ọba lè wà lórí oyè láìsí ọmọ ogun, níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ogun bá wà nítòsí. Èkejì ni pé ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa ọ̀rọ̀ oyè ti ní alágbàwí tuntun tí yóò kọ́kọ́ lọ rí, alágbàwí náà kò sì sí ní Ìgà Ìdúngànràn.

5. Ẹni Tí A Lé Jáde: Àdéhùn Ẹ̀pẹ́, 1854

Lẹ́yìn ìkọlù 1853, ó hàn sí Campbell pé àgbá kò lè parí ọ̀rọ̀ Kòsọ́kọ́. Láti Ẹ̀pẹ́, Kòsọ́kọ́ lè dí ọ̀nà òwò tí ó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú. Ó sì ṣí ibùdókọ̀ tirẹ̀ sí Palma àti Lẹ́kí, níbi tí òwò ti ń gbà lọ sí òkun láìkọjá Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ìkọlù mìíràn kò jẹ́ kí oníṣòwò fi ọkàn balẹ̀ kó ẹrù sílẹ̀ ní Èkó.

Ní 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Campbell bá Kòsọ́kọ́ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní tún gbógun ti Èkó mọ́, àti pé òun yóò fi òwò ẹrú sílẹ̀. Ní ìdàkejì, wọ́n gbà pé òun ni ó ni Palma àti Lẹ́kí, wọ́n sì ṣèlérí owó fún un lọ́dọọdún ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀: 2,000 ẹgbàá owó ẹyọ, tàbí 1,000 dọ́là. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Owó náà jẹ́ 200 ọ̀kẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé wọ́n fi owó ra ọ̀tá ni. Ó dájú pé àdéhùn náà kò tẹ́ àwọn tí ó fi ẹ̀mí wéwu pẹ̀lú Akítóyè lọ́rùn. Síbẹ̀, bí a bá fi àbájáde wọ̀n ọ́n, òun ni ìgbésẹ̀ ààbò tí ó dára jù nínú ọdún mẹ́wàá náà. Kò tún sí ìkọlù bí irú ti 1853 láti Ẹ̀pẹ́ sí Èkó ní ìgbà ayé kọ́ńsúlù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹni tí ó pàdánù ti ní ibi tí yóò máa gbé, iṣẹ́ tí yóò máa jẹ, àti owó tí yóò fi máa bọ́ àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ó ti ní ohun tí yóò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ bí ogun bá tún bẹ́. Lọ́wọ́ kan náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lójú omi láti rán an létí.

Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé kọ́ńsúlù ni ó lọ ṣe àdéhùn yìí. Ìjà àbúrò bàbá àti ọmọ ẹ̀gbọ́n, èyí tí Akítóyè fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti parí ní ìlànà ẹbí, ti di ọ̀rọ̀ tí àjèjì ń bá wọn parí. Àlàáfíà dé, ṣùgbọ́n àṣẹ àtiṣe àlàáfíà ti kúrò láàfin.

6. Owó àti Àṣẹ: Bí Ọba Ṣe Di Aláìlágbára

Òwò epo pupa ni ó gba ipò òwò ẹrú. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì ní ti owó ìlú. Nínú òwò ẹrú, ọba àti àwọn ìjòyè díẹ̀ ni ó di ọ̀nà mú, èrè rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń ra ìbọn. Òwò epo ní ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú: àgbẹ̀, obìnrin ọlọ́jà, alájàpá, àwọn Sàró tí ó ti Sierra Leone dé, àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil àti Cuba dé, àti àwọn oníṣòwò òyìnbó. Owó bodè ni ó kù tí ọba lè gbà nínú rẹ̀, gbígba owó bodè sì di ohun tí a gbọ́dọ̀ bá àwọn oníṣòwò dúnàádúrà lé lórí níwájú kọ́ńsúlù.

Bí owó ti ń sún kúrò lọ́wọ́ ọba, bẹ́ẹ̀ ni ìdájọ́. Àwọn Sàró kà ara wọn sí ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ní láti dáàbò bò. Kọ́ńsúlù ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ lọ bá. Bí onígbèsè àti oníṣòwò bá ní èdè-àìyedè, kọ́ńsúlù ni ó ń dá sí i. Nínú ìwé, Èkó ṣì jẹ́ ìlú tí ó dá dúró, Dòsùnmú sì ni ọba rẹ̀. Nínú ìṣe, ààfin méjì ni ó wà ní ìlú.

Ọ̀rọ̀ Ẹfúnróyè Tinúbú jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yé ni jù lọ. Tinúbú ti ran Akítóyè lọ́wọ́ ní ìgbèkùn; ní ìgbà Dòsùnmú, ọrọ̀ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ ọ́ di ẹni tí kò sí ìjòyè tí ó lè fojú di í. Ó jẹ àwọn oníṣòwò òyìnbó ní gbèsè ńlá, kò sì fẹ́ràn bí àwọn Sàró àti Àgùdà ṣe ń gba ipò ní ìlú. Ní 1856, wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn án, Campbell sì fi dandan lé e pé kí Dòsùnmú lé e jáde. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti di Ìyálóde ní 1864.

Lójú kọ́ńsúlù, ìgbésẹ̀ ààbò ni èyí. Bí a bá wò ó láti ààfin, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó lè kó ènìyàn àti owó jọ fún ọba ni wọ́n mú kí ọba fúnra rẹ̀ lé lọ. Kòsọ́kọ́, ọ̀tá, rí owó ọdọọdún gbà. Tinúbú, alátìlẹ́yìn, rí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ìyàtọ̀ yìí fi hàn ẹni tí ètò ààbò náà wà fún. Ohun tí ó bá dí òwò lọ́wọ́ ni ewu, yálà ó ń gbógun ti ọba tàbí ó ń tì í lẹ́yìn.

7. Ọdún 1861: Àìlágbára Di Àwíjàre

Campbell kú ní Èkó ní 1859. Àwọn kọ́ńsúlù tí ó tẹ̀ lé e kò pẹ́. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ó sì da ọ̀nà òwò ilẹ̀ Yorùbá rú. Ìhàlẹ̀ Dàhòmì sí Abẹ́òkúta kò dáwọ́ dúró. Ní 22 oṣù Kẹfà ọdún 1861, Lord John Russell, tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní London, kọ̀wé pé kí wọ́n gba Èkó. Ìdí tí ó fà yọ ni kí òwò ẹrú lè kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, kí òwò tí ó tọ́ lè gbèrú, kí wọ́n sì lè ká ọba Dàhòmì lọ́wọ́ kò. Ohun tí ó wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni èrò pé Dòsùnmú kò lágbára tó láti ṣe nǹkan wọ̀nyí.

Ní òpin oṣù Keje, ọkọ̀ ogun HMS Prometheus, tí Bedingfield jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, wọ ọ̀sà. Wọ́n sọ fún Dòsùnmú ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ọba àti àwọn ìjòyè kò gbà. Wọ́n jẹ́ kí ó yé e pé àgbá yóò sọ̀rọ̀ bí ó bá kọ̀. Ìlú tí ó rántí Ogun Ahóyaya kò nílò àlàyé púpọ̀. Ní 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Dòsùnmú àti mẹ́rin nínú àwọn ìjòyè rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì. Owó ọdọọdún tí wọ́n ṣèlérí fún un jẹ́ 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ. Dòsùnmú kọ̀wé fi ẹ̀hónú hàn lẹ́yìn náà pé tipátipá ni wọ́n fi gba ìlú lọ́wọ́ òun.

Ìtàn yìí wá yí po. Wọ́n ní ọba kò lè dáàbò bo ìlú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 1851 ni ó gba ohun ìjà àti ọmọ ogun lọ́wọ́ ààfin. Lẹ́yìn náà ni kọ́ńsúlù gba ìdájọ́, tí àwọn oníṣòwò ń bá ọba jiyàn lórí owó bodè, tí wọ́n sì mú kí ó lé alátìlẹ́yìn rẹ̀ jáde. Àìlágbára tí ìkọlù kìíní bí ni wọ́n fi ṣe ìdí ìgbésẹ̀ kejì. Àwọn kan nínú wọn lè gbàgbọ́ ní tòótọ́ pé ìlú ni àwọn ń ràn lọ́wọ́. Èyí kò yí àbájáde padà.

8. Ẹ̀ṣọ́ Hausa: Ìdáhùn Tuntun sí Ìbéèrè Àtijọ́

Lẹ́yìn 1861, ìjọba amúnisìn ní láti dáhùn ìbéèrè tí kọ́ńsúlù kò dáhùn: ta ni yóò máa ṣọ́ ìlú nígbà tí ọkọ̀ ogun bá lọ? Wọ́n gba Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862. Ọ̀ṣọ́dì Tápà tẹ ibùdó sí ibi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Ìtẹ̀síwájú ìlànà 1854 ni èyí. Ṣùgbọ́n wọn kò dá àṣẹ ogun padà fún ìjòyè kankan.

John Glover ni ó wá ojútùú mìíràn. Ó ti wà lára ìrìnàjò Baikie lórí odò Ọya ní 1857, nígbà tí ọkọ̀ Dayspring fọ́ nítòsí Jẹ́bà, ó sì ti gba orí ilẹ̀ wá sí Èkó pẹ̀lú àwọn Hausa kan. Ní 1863, irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó fi dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọgbọ́n ètò náà hàn: wọn kò ní ẹbí ní Èkó, wọn kò sí lábẹ́ ìjòyè kankan, òmìnira wọn sì so mọ́ ìjọba tí ó ń sanwó fún wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Èkó ní ọmọ ogun tí kò jẹ ìlú ní nǹkan kan.

Ètò yìí fi ẹsẹ̀ ìjọba múlẹ̀ ní Èkó; ó sì dá wàhálà sílẹ̀ ní àyíká rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní Èkó jẹ́ ẹrú tí ó sá lójú olówó rẹ̀ ní Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú. Ìbínú yìí wà lára ohun tí ó ba àárín Èkó àti àwọn ìlú òkè jẹ́. Glover gbógun ti Ẹ̀pẹ́ ní 1863, ó sì bá àwọn Ẹ̀gbá jà ní Ìkòròdú ní 1865. Ní 1867, Abẹ́òkúta lé àwọn òyìnbó jáde, èyí tí ìtàn ń pè ní Ìfọ́lé. Ẹ̀ṣọ́ Hausa kan náà wà lára àwọn tí ó ja ogun Ìmàgbọ̀n ní Ìjẹ̀bú ní 1892. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà ti òde òní sì ka 1863 sí ọdún tí orírun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè nípa ẹni tí ọmọ ogun ń ṣọ́, ìlú ni àbí ìjọba, ti wà nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀ kí orílẹ̀-èdè náà tó wà rárá.

9. Èkó àti Àwọn Ìlú Mìíràn

Ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má fi ọ̀rúndún kan wọ̀n òmíràn láìwo ìyàtọ̀. Síbẹ̀, àwọn ìbéèrè mẹ́ta tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ wúlò fún ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó sún mọ́ wa. Ní 1998, ọmọ ogun ECOMOG, tí Nàìjíríà jẹ́ olórí wọn, lé àwọn ológun kúrò ní Freetown, wọ́n sì dá Ààrẹ Ahmad Tejan Kabbah padà sípò ní oṣù Kẹta. Òun náà padà sí ìlú tí kò ní ọmọ ogun tí ó ṣeé gbójú lé. Ní 6 oṣù Kìíní ọdún 1999, àwọn tí wọ́n lé jáde tún ya wọ Freetown, gẹ́gẹ́ bí Kòsọ́kọ́ ṣe padà ní 1853. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Lomé ní oṣù Keje ọdún náà fún àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní ipò nínú ìjọba. Ṣùgbọ́n ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ìjà sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní 2000. Àdéhùn Ẹ̀pẹ́ dúró nítorí pé ẹ̀bùn àti ìṣọ́ra wà papọ̀ nínú rẹ̀. Ní ti Lomé, ẹ̀bùn ṣáájú ìṣọ́ra.

Iraq ni òdìkejì. Ní 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2003, àwọn tí Amẹ́ríkà fi ṣe alákòóso ibẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n tú gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ogun Iraq ká. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin tí ó mọ ìbọn lò padà sílé láìní iṣẹ́ àti láìní ọ̀wọ̀. Kò sí Palma, kò sí Lẹ́kí fún wọn. Púpọ̀ nínú wọn wà lára àwọn tí ó bá àwọn tí ó tú wọn ká jà lẹ́yìn náà.

10. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìtàn Èkó láti 1851 sí 1863 ju ìtàn bí òwò ẹrú ṣe parí lọ. Ó jẹ́ ìtàn ètò ààbò kan tí ó ṣe àṣeyọrí fún àwọn tí ó gbé e kalẹ̀, tí ó sì gba ìlú lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ní àwọn ń ṣe é fún. Nínú rẹ̀, ohun kan wà tí ó yẹ láti wò láwòkọ́ṣe: wíwá ibi tí ẹni tí ó pàdánù yóò jókòó sí, kí ó lè ní ìdí láti fẹ́ àlàáfíà. Ohun kan sì wà tí ó yẹ láti yẹra fún: dídá ọba padà sórí oyè láìdá ọmọ ogun, owó àti ìdájọ́ padà sí ọwọ́ rẹ̀.

Akítóyè kò jẹ́ òmùgọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó rí ni ó gbà, ó sì padà sí ààfin àwọn baba rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni ó san owó ọkọ̀. Ìlú tí ó bá fẹ́ ké sí àjèjì láti bá a lé ọ̀tá rẹ̀ lóde òní yóò ṣe dáadáa bí ó bá kọ́kọ́ bèèrè pé: ní ọjọ́ tí ọ̀tá bá lọ tán, ta ni yóò kù tí yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ta ni yóò sì máa sanwó fún un?